Ẹ̀rọ Kajú Tí Raliat Ṣe

Mọ́ńdè, 3 Fẹ́búárì

Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí Raliat ọmọ mi ṣe? Ẹni tí wọ́n pè sọ́tùn-ún tó sáré lọ, tí wọ́n tún pè sósì tó sáré bọ̀, ṣé kó wá là sí méjì ni? Dókítà Ọládépò ní yunifásítì ní kó kọ gbogbo ohun tó ṣe, kó ya àwòrán ẹ̀, kó fi ránṣẹ́ síbi tí gbogbo ayé á ti kà á. Ẹnjiníà Akínwálé ní kọ́ńpìnì kajú ní tó bá fi ẹ̀rọ tó fẹ́ máa fọ́ èèpo kajú yẹn han ẹyẹ ojú ọ̀run pàápàá, òun àti ẹ̀ pínyà nìyẹn. Àwọn méjèèjì ni olùkọ́ ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó gba másítà. Ètò tuntun tí wọ́n ń pariwo láti ọdún tó kọjá rè é o: kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà má jókòó ti ìwé nìkan mọ́, kí ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ jọ tọ́ ọ.

Wọ́n mà tọ́ ọ lóòótọ́. Raliat wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọnú. Mo ní, "Raliat, ṣé wọn kì í ta oúnjẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́ ni?"

Ó ní, "Wọ́n ń tà á, Màámi. Àyè àtijẹ ẹ́ ni ò sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi dà bí ìyàwó tí wọ́n fi fọ́kọ méjì, ọ̀kan ní kó dáná, èkejì ní kó paná. Tí kò bá sì jókòó ṣe dìfẹ́ǹsì, kó gbèjà ìwé ẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, kí Épírì tó parí, àsìkò tí wọ́n fún un ti tán, ọdún méjì wọ omi. Èmi Kúbúrátù tí mo fi ìwé kíláàsì kìíní ẹ̀ kọ́ ara mi ní kíkà lẹ́yìn káńtà, láàárín bíárìn àti bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí mò ń tà, mo mọ ohun tí ọdún méjì jẹ́.

Satidé, 8 Fẹ́búárì

Irin tí Raliat máa fi ṣe ẹ̀rọ dé. Iná yunifásítì ń lọ ó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù kọ́ńpìnì náà ò sì ráyè torí àsìkò kajú ti wọlé. Ẹnjiníà Akínwálé fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, mo wà níbẹ̀: "Raliat, ibi tó bá ti yá ni kó o ti ṣe é. Ṣáà jẹ́ kó yá." Ló bá gbé e wá sílé, sí abẹ́ àtíbàbà Mùnírù wẹ́dà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Owódé.

Òróró tó wà nínú èèpo kajú, bí ásíìdì ló rí. Àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ fọ́ ọ ní kọ́ńpìnì máa ń di ọ̀rá mọ́ ìka, síbẹ̀ ó ń bó wọn. Raliat rí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè fọwọ́ bu omi wẹ ọmọ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti mú iṣẹ́ yìí. Ó ṣàlàyé fún Mùnírù dáadáa. Kí ni Mùnírù ṣe? Ó ju kóró kajú sẹ́nu, ó gé e jẹ. Ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe le tó.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ètè ẹ̀ ti wú bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n rẹ sómi. Mo ní, "Mùnírù, ẹ̀rọ ni wọ́n ní kó o ṣe. Wọn ò ní kó o di ẹ̀rọ."

Raliat fi ìbòrí bojú, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Tọ́sìdeè, 13 Fẹ́búárì

Kò síná. Jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀. Eruku ọyẹ́ ò tíì lọ, ooru ti dé bá a. Wọ́n ní kílò kajú kan ti ń sún mọ́ ẹgbẹ̀rún méjì ní Ìkòyí-Ilé.

Túsìdeè, 18 Fẹ́búárì

Ó ṣe é! Ọmọ mi ṣe é!

Láti ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀rọ yẹn ti ń lọ kajú di ìyẹ̀fun. Lónìí, Raliat tún àyè àárín irin méjèèjì ṣe, ó da kajú sí i, ọmọ inú ẹ̀ ń já bọ́ ní odindi, funfun, bí eyín ọmọdé. Ó ṣa ọ̀kan, ó wò ó, ó ṣa òmíràn. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku irin, ó gbé orí lé orúnkún.

Mo ní a máa wúre sí i kó tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbórí sókè.

"Màámi, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Mo tọwọ́ bọ̀wé."

"Ta ni mo fẹ́ fi hàn? Àdúrà ni. Irin tuntun wo lo rí tó jáde ní àdúgbò yìí tí wọn ò wúre sí? Ṣé o fẹ́ kó lọ gé ìka ọmọ ọlọ́mọ ni?"

"Ṣé Àáfà nìkan ò lè wá? Kó ṣe é ní pẹ̀lẹ́?"

"Àmín ẹnì kan kì í ròkè, Raliat."

Ó ṣa ọmọ kajú tó wà nílẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ó dáa, Màámi. Ẹ máa ṣe é."

Satidé, 22 Fẹ́búárì

Ẹgbẹ́ wẹ́dà pé ṣánṣán. Àwọn tó ń ta páàtì ní ìlà wa pé. Àáfà Israfil bẹ Ọlọ́run kí irin náà má mu ẹ̀jẹ̀, kó má jó ọwọ́ aláìṣẹ̀, kí orúkọ ẹni tó ṣe é má parẹ́ lórí ẹ̀. A pín àkàrà àti bísíkíìtì. Mùnírù tan ẹ́ńjìnnì, kajú ń já bọ́, ariwo ta. Fóònù tí wọ́n gbé sókè pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣàmín lọ.

Wọ́n ní kí Raliat ṣàlàyé, ó ń wolẹ̀. Kí n wá jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ mi ò lẹ́nu? Èmi ni mo sọ fún wọn: kì í lù ú rárá, ó ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni, bí ìgbà tí èèyàn bá fi èékánná la obì. Wọ́n hó yèè. Àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi, ó ní òun ò dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin rí.

Tí mo bá kú lálẹ́ yìí, mo yó.

Satidé, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ lọ sí kọ́ńpìnì ní Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Raliat ò jókòó níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà, ẹ̀yìn ló lọ, ó gbá ẹ̀rọ mọ́ra kó má bàa ṣubú.

Mọ́ńdè, 10 Máàṣì

Àárọ̀ ni ìpè wọlé. Mo gbọ́ ohùn Raliat, mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Fídíò ọjọ́ àdúrà ti rin kiri. Ó ti dé ọwọ́ ọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ń polówó pé òun náà á ṣe irú ẹ̀.

Mo gbé ààwẹ̀ mi, mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo pàdé Raliat ní Sábó, a gba kẹ̀kẹ́, ó di kọ́ńpìnì. Ẹnjiníà Akínwálé kò ju àbúrò mi kékeré lọ, ṣùgbọ́n mo ń pè é ní ẹ̀yin. Ó dìde kí mi. Ẹnu ẹ̀ dùn. Àwọn tó ń bani jẹ́ kì í pariwo.

"Ìyá, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù yín lọ."

"Kò lè dùn yín jù mí lọ, sà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i."

"Ìyá, àṣírí ilé-iṣẹ́ ni. Ẹ ti gbé e síta."

"Àṣírí wo? Ṣé ẹni tó wo fídíò tí kò tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ àkàrà kan, ó ti mọ ohun tí ọmọ mi fi ọdún méjì kọ́ nìyẹn? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ ń kọ́ wọn?"

"Ó tọwọ́ bọ̀wé, Ìyá. Òfin ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe é níbi tó bá ti yá."

"Mo ní kó ṣe é. Mi ò ní kó pe èrò."

"Abẹ́ àtíbàbà ni! Ilẹ̀kùn wo lẹ fẹ́ kó tì?"

Ó yí àga ẹ̀ díẹ̀. Ó ní kọ́ńpìnì ti pinnu: òun ò ní fọwọ́ sí ìwé Raliat, àbájáde ìdánwò tó ṣe lọ́dọ̀ wọn ò sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé náà. Mo bi í pé ẹ̀rọ ńkọ́, ká gbé e padà sílé? Ó ní rárá o, ẹ̀rọ jẹ́ ti kọ́ńpìnì.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀rọ jẹ́ tiyín, ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tiwa?

Nígbà tí a fẹ́ jáde ni Raliat yí padà, tó kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ẹ ṣeun kí ni? Ó gún mi lọ́kàn ju gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ lọ.

Túsìdeè, 11 Máàṣì

Mo ká Mùnírù mọ́. "Ìwọ lo gbé e sí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù rẹ. Ẹnu rẹ ò gbàṣírí, fóònù rẹ náà ò gbà á!"

Ó ní, "Ìyá Raliat, gbogbo wa la gbé e. Ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí n fi ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ lè fi han àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín."

Ìyẹn kọ́ ni mo bi í.

Túsìdeè, 18 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó gbé páànù kan lórí àtíbàbà. Raliat wà nílé láti ìjẹta. A jọ jókòó ṣínu, ó mu omi, ó jẹ dàbínù kan, ó jókòó. Mo gbé ẹ̀kọ sún mọ́ ọn. Mo ń bú Akínwálé, mo ń bú Ọládépò, mo ń bú ẹni tó kọ́kọ́ ronú ètò burúkú yìí. Mo ní àwọn kan tiẹ̀ ní ẹnu láti sọ pé èmi ni mo fà á, àdúrà mi ló fà á.

Ó ní, "Màámi, mo bẹ̀ yín nígbà yẹn."

Kò pariwo. Kò tiẹ̀ wò mí. Ó dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Ṣe ni mo jókòó tí mò ń bo ẹ̀kọ tí kò jẹ. Èmi. Èmi tí wọ́n ń pè wá gbèjà wọn láti ìlà ṣọ́ọ̀bù kejì.

Sọ́ńdè, 30 Máàṣì

Ìtúnu. Kò wálé. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: Ẹ kú ọdún, Màámi. Mo gbé ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó tutù, mo tún gbé e kaná.

Jímọ̀, 4 Épírì

Mo lọ bá Dókítà Ọládépò. Kí n tó dé ọ́fíìsì ẹ̀, kí ni mo rí ní géètì? Bánà ńlá. Àwòrán Raliat ló wà lórí ẹ̀, ó dúró ti ẹ̀rọ, ó wọ akoto iṣẹ́ lé ìbòrí, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi òyìnbó gàgàrà kọ ọ́ pé yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ ti para pọ̀. Mo dúró níbẹ̀. Ọlọ́kadà kan ní, "Ìyá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà." Mo ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Ó ní, "Ẹ kú oríire o!"

Mo wọlé bá Dókítà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí n mumi.

"Mi ò wá mumi. Ṣé ìwé ọmọ mi dáa àbí kò dáa?"

"Ó dáa, Ìyá. Ó dáa gan-an ni."

"Kí ló wá dé?"

"Ètò náà ní olùkọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọwọ́ kan ò lè gbé e. Tí mo bá sì gbéjà ko kọ́ńpìnì, wọ́n á kó ara wọn kúrò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù lọ́dọ̀ wọn ńkọ́?"

"Ẹ wá fi tèmi bọ́ wọn."

"Ìyá, ẹ má sọ ọ́ báyẹn."

"Kí n wá sọ ọ́ báwo? Ẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin ni olùkọ́."

Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ń nù ún. Ó nù ún títí mo fi dìde. Mo ní kó bá mi yọ àwòrán ọmọ mi kúrò ní géètì. Ó ní kì í ṣe ọ́fíìsì òun ló gbé e kọ́. Kò sóhun tó jẹ́ ti ọ́fíìsì ẹni kankan níbẹ̀ yẹn.

Mọ́ńdè, 14 Épírì

Grace ló pè mí. Òun àti Raliat jọ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ni, kọ́ńpìnì kan náà ni wọ́n fi wọ́n sí. Ó ní, "Màámi, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ o. Ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń tàn án."

Mi ò gbà á gbọ́. Mo lọ dúró sí géètì wọn ní àsìkò tí àwọn obìnrin ń jáde. Mo bi ọ̀kan, mo ṣe bí ẹni tó ń wáṣẹ́. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fún mi. Ojú egbò ti ń jinná, awọ tuntun, ó pọ́n bí ti ọmọ jòjòló.

Ó ní, "Ẹ wá, iṣẹ́ ibẹ̀ ti dẹrùn. A ti ní Raliat."

Mo ní, "Kí ni Raliat?"

"Ẹ̀rọ náà ni. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Orúkọ ọmọ kan tó wá síbí ni. A ò rí i mọ́."

Mo ní inú mi dùn fún ọwọ́ yín. Inú mi dùn lóòótọ́. Mo rìn débi igi máńgòrò kan, mo jókòó sábẹ́ ẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n tú ìró ẹ̀ láàárín ọjà. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ìyá, ṣé wọn ò gbà yín síṣẹ́ ni?"

Mo ní wọn ò gbà wá.

Tọ́sìdeè, 24 Épírì

Wọ́n ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ Raliat ní yunifásítì. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá. Ẹnìkan ń sọ àwàdà níbi tí wọ́n ti ń sin ọdún méjì ọmọ mi.

Nígbà tí Raliat jáde, ó gbé báàgì ẹ̀ kọ́rùn, ó ní ká máa lọ. Mo ní kí ni wọ́n wí. Ó ní wọ́n ní òun lè lọ sí kọ́ńpìnì mìíràn, kí òun mú iṣẹ́ mìíràn, kí òun bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tàbí kí òun gba ìwé ẹ̀rí kékeré kan tí kì í ṣe másítà, kí òun máa lọ.

"Èwo lo mú?"

"Mi ò mú ìkankan."

"Akínwálé ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Ó ní òun bá mi kẹ́dùn. Ó tún ní tí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ àtúnṣe, ṣé wọ́n lè máa pè mí."

Mo yí padà kí n lọ já ilẹ̀kùn yẹn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ ẹ̀ le, ọwọ́ onírin. Ó ní, "Màámi. Ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́ẹ̀kan yìí."

Mo tẹ̀lé e. Ọlọ́run ló mọ ohun tó ná mi.

Wẹ́sìdeè, 30 Épírì

Épírì parí.

Mọ́ńdè, 5 Méè

Raliat ti gbaṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìkòyí-Ilé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì. Mo lọ wò ó. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, igi kajú lẹ́yìn wíńdò, mi ò rí ìwé ẹnjiníà kankan. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó bu omi fún mi. Ó bi mí léèrè ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ó bi mí léèrè Mùnírù. Ìwà ẹ̀ pé débi tó fi ń dẹ́rù bà mí. Bí èèyàn ṣe ń gbàlejò ló ṣe gbà mí.

Mo ní, "Raliat, bú mi."

"Kí ni kí n bú yín sí, Màámi?"

"O mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ sí mi lójú. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣẹ̀, èmi ló yẹ kí wọ́n fìyà jẹ, kì í ṣe ìwọ."

Ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gba ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ò mọ òfin wọn. Àwọn mọ̀ ọ́n. Àwọn sì mọ ibi tí mo ti ń ṣe é."

Ó gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n má pẹ́ jù, pé ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í pọ̀ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́.

Jímọ̀, 9 Méè

Grace tún pè. Wọ́n ti gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sínú ètò náà, wọ́n ṣe ayẹyẹ fún wọn lánàá. Akínwálé ló bá wọn sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀rọ náà hàn wọ́n, gbogbo gbọ̀ngán, pẹ̀lú fídíò, ó sì ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "A jọ ṣe é ni." Dókítà Ọládépò jókòó níwájú, ó pàtẹ́wọ́.

Ẹ gbọ́. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ lé ọmọ mi ni wọ́n fi ṣe àfihàn yẹn o.

Dókítà, mi ò ní nǹkan púpọ̀ bá yín sọ. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi pàtẹ́wọ́ yẹn, ẹ ní kò lè dá gbé nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ìwọ Akínwálé, mo ti pè ọ́ ní ẹ̀yin tó. Ọ̀la ni mò ń bọ̀. Mi ò ní bá géètì sọ̀rọ̀, mi ò ní bá akọ̀wé sọ̀rọ̀, mi ò sì ní mu omi rẹ. Ìbéèrè kan ni mo ní, níwájú àwọn obìnrin tí ọwọ́ wọn ti jinná yẹn ni mo sì ti máa bi ọ́. Má pe lọ́yà. Má nawọ́ sí òfin, má nawọ́ sí àdúrà mi. Ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́, ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìdánwò wo ló wá kù tí Raliat ò tíì yege? Dá mi lóhùn.